Orí Kẹfà: Ọ̀fìnkìn, Ikọ́ àti Ìṣòro Èémí Lára Ajá

Orí yìí wà fún alájá tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nígbà tí ajá rẹ̀ bá ń sín, tí ó ń wúkọ́, tí ikun ń dà ní imú rẹ̀, tàbí tí mímí rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́. Ikọ́ ni ó máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà, nítorí pé òun ni ó ń pariwo. Síbẹ̀, ajá tí ó ń wúkọ́ kíkankíkan ṣùgbọ́n tí ó ń jẹun, tí ó ń ju ìrù, tí èémí rẹ̀ sì ń lọ geere, kò sí nínú ewu tó ajá tí kò wúkọ́ rárá ṣùgbọ́n tí ó na ọrùn síwájú, tí ó sì ń fi agbára ikùn fa afẹ́fẹ́ sínú. Etí ni a fi ń gbọ́ ikọ́, ṣùgbọ́n ojú àti aago ni a fi ń mọ bí àìsàn náà ti le tó, ìlànà yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ inú orí yìí sì dúró lé.

Ọ̀nà èémí ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ihò imú, kọjá ní ọ̀fun àti gògóńgò, títí dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí àìsàn bá dúró sí imú àti ọ̀fun, ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ lásán ni. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ti di òtútù àyà, èyí tí ó lè pa ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀fìnkìn tí ó ń ṣe ènìyàn kì í sábà ran ajá. Lára ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ajá ti sábà ń kó tirẹ̀, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ibo ni ajá náà ti pàdé ajá mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ohun èlò tí ó yẹ kí ó wà nílé

Àìsàn kì í dá àkókò, ó sì lè dé ní òru nígbà tí kẹ́míìsì gbogbo ti tì. Nítorí èyí, kí alájá ti kó àwọn ohun wọ̀nyí sínú àpótí kan kí wàhálà tó ṣẹlẹ̀:

- tẹmómítà oní-nọ́ńbà kan tí a kọ orúkọ ajá sí lára, tí ènìyàn kankan kò ní í lò, àti faselíìnì tí a ó fi pa á lẹ́nu kí ó lè wọlé wẹ́rẹ́;
- aago tàbí fóònù tí ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, pẹ̀lú ìwé kékeré àti bírò;
- tọ́ọ̀ṣì, òwú tàbí aṣọ mímọ́ tí ó rọ̀, ìbọ̀wọ́ oníke àti ọṣẹ;
- okùn ajá tí ó gba àyà àti èjìká, kì í ṣe èyí tí ó fún ọrùn nìkan;
- abọ́ oúnjẹ, abọ́ omi àti ibùsùn tí ó jẹ́ ti aláìsàn nìkan;
- búlíìṣì, irú èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, àti garawa tí a ó ti pò ó;
- sírínjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́, fún oògùn olómi;
- káàdì àjẹsára ajá náà, tí a kọ nọ́ńbà dókítà ẹranko sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwọ̀n ara ajá náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kékeré yẹn pẹ̀lú, nítorí pé ìwọ̀n ni dókítà fi ń ṣírò oògùn. Alájá tí kò ní ìwọ̀n ẹranko lè gun ìwọ̀n ènìyàn ní òun nìkan, kí ó tún gùn ún pẹ̀lú ajá ní ọwọ́, kí ó sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Mímọ ajá nígbà tí ara rẹ̀ dá

Ẹni tí kò mọ bí ajá rẹ̀ ti ń mí nígbà tí ara rẹ̀ le kò ní ohun tí yóò fi wọn àìsàn rẹ̀. Kí alájá jókòó ti ajá náà nígbà tí ó bá sùn ní ibi tí ó tutù, kí ó sì wo egungun ìhà rẹ̀: gígòkè kan pẹ̀lú sísọ̀kalẹ̀ kan jẹ́ èémí kan. Kí ó kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó sì sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Bí ó bá ka 11, èémí 22 ni ajá náà ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ajá bá ń lálàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, èémí rẹ̀ á sì yára. Kí alájá dúró títí àlá náà yóò fi kọjá kí ó tó kà. Ajá tí ara rẹ̀ dá kì í sábà mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan nínú oorun. Kí a kà á ní alẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ ka èémí ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé tàbí tí oòrùn ń pa, nítorí pé ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Yíyọ ahọ́n síta àti mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Mímí hẹlẹ nínú oòrùn kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n mímí hẹlẹ ní ibi tútù, nígbà tí ajá kò ṣe iṣẹ́ kankan, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a wò.

Ìgbóná ara ajá tí ó le koko máa ń wà láàárín 38 sí 39.2 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí ó ga ju ti ènìyàn lọ. Ìdí nìyí tí ara ajá fi máa ń gbóná lọ́wọ́ ènìyàn nígbà gbogbo, tí ọwọ́ kò sì lè sọ bóyá ibà wà níbẹ̀. Ihò ìdí ni a ti ń wọ̀n ọ́n: kí ẹnì kan di ajá náà mú jẹ́jẹ́ kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì ti ẹnu tẹmómítà tí a ti fi faselíìnì pa wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ó sì dì í mú títí yóò fi dún. Kí a tún gbé ètè ajá náà sókè kí a wo èrìgì rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ yẹ kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò funfun, àwọ̀ náà yóò sì padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Èrìgì àwọn ajá kan dúdú láti ìbí. Inú ìpénpéjú ìsàlẹ̀ ni kí a ti wo tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wíwo ajá tí ó ń ṣàìsàn

Òkèèrè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí alájá tó fọwọ́ kan ajá tí ó dà bí ẹni pé nǹkan há a lọ́fun, kí ó rántí dìgbòlugi. Àìsàn náà máa ń sọ ọ̀fun di aláìlágbára, ajá náà kì í lè gbé nǹkan mì mọ́, itọ́ á máa dà ní ẹnu rẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, ìwà rẹ̀ á sì ṣàjèjì. Àwọn tí ó rò pé eegun ni ó há a ti ki ọwọ́ bọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Bí àmì wọ̀nyí bá farahàn, pàápàá lára ajá tí kò gba àjẹsára dìgbòlugi, kí a tì í mọ́ ibì kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án, kí a sì pe dókítà ẹranko. Bí ó bá ti ge ènìyàn jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ojú tàbí ẹnu, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a fi omi púpọ̀ ṣan ojú tàbí ẹnu, kí ẹni náà sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, nítorí pé nígbà tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Bí kò bá sí ìfura yìí, kí àyẹ̀wò náà tẹ̀lé ètò kan náà nígbà gbogbo, kí ohunkóhun má baà bọ́ sílẹ̀:

1. Kí a ka èémí kí a tó fọwọ́ kan ajá, nítorí pé ìdààmú máa ń sọ èémí di púpọ̀.
2. Kí a wo bí ó ti ń mí: ṣé àyà nìkan ni ó ń gòkè tàbí ikùn náà ń fà wọlé, ṣé ìgúnpá rẹ̀ yà kúrò lára, ṣé ó kọ̀ láti dùbúlẹ̀?
3. Kí a wo èrìgì àti ahọ́n pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
4. Kí a wo imú àti ojú: ikun tí ó dà bí omi kò le tó ikun tí ó ki, tí ó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a sì wò ó bóyá ihò imú kan ṣoṣo ni ó ti ń dà.
5. Kí a wọn ìgbóná ara.
6. Kí a fa awọ ẹ̀yìn ọrùn sókè kí a sì jù ú sílẹ̀. Bí kò bá tètè padà sí ipò rẹ̀, omi ara ajá náà ti dín kù.
7. Kí a gbé oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù síwájú rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni kí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí a sì fi fóònù ya fídíò ikọ́ náà, nítorí pé ajá máa ń dákẹ́ nígbà tí ó bá dé iwájú dókítà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Dídá irú àìsàn mọ̀

Kì í ṣe iṣẹ́ alájá láti sọ orúkọ àìsàn ní àsọyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ èyí tí ó lè fara dà á àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ilẹ̀ mọ́.

*Ikọ́ ilé-ajá.* Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní kennel cough, nítorí pé ó máa ń jà ràn-ìn níbi tí ajá púpọ̀ bá ti ń gbé pọ̀. Bakitéríà tí ń jẹ́ Bordetella bronchiseptica àti àwọn fáírọ́ọ̀sì bíi parainfluenza ni ó sábà ń fà á, wọ́n sì lè kọlù ajá pọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí 14 lẹ́yìn tí ajá bá kó o ni ikọ́ gbígbẹ yóò bẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngbọ̀n, bí igbe pẹ́pẹ́yẹ ńlá. Ní ìparí rẹ̀, ajá náà á ya ẹnu bí ẹni tí ó fẹ́ bì, ìfófòó funfun díẹ̀ á sì jáde. Fífa okùn ọrùn máa ń ta á jí. Bí ajá náà bá ń jẹun, ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta.

*Distemper.* Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa èyí, ó sì burú púpọ̀ fún ọmọ ajá tí kò gba àjẹsára. Ó máa ń dà bí ọ̀fìnkìn ní ìbẹ̀rẹ̀: ibà, ipin tí ó ki ní ojú, ikun, ikọ́, lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé, àtẹ́lẹsẹ̀ àti imú lè yi, nígbà tí ó bá sì dé ọpọlọ, iṣan ara á máa fò tàbí kí gìrì mú ajá náà. Ipin àti ikun tí ó ki pọ̀ lára ọmọ ajá kì í ṣe ohun tí a ń fi oyin tọ́jú.

*Òtútù àyà.* Ikọ́ rẹ̀ máa ń tutù, bí ẹni pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ibà, àárẹ̀, àìjẹun àti èémí tí ó yára máa ń bá a rìn. Ó lè jẹ́ pé ikọ́ ilé-ajá ni ó sọ̀kalẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé oúnjẹ, epo tàbí oògùn ni ó gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

*Àwọn mìíràn tí ó ń fara jọ ọ́.* Aràn ọkàn, tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ajá kan sí èkejì, máa ń mú kí ajá wúkọ́ kí ó sì tètè rẹ̀ ẹ́ bí ó bá sáré. Àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá lè fa ibà, kí ó sọ èrìgì di funfun, kí ó sì mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Ikọ́ ajá àgbà tí ó máa ń dé ní òru tàbí nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀ lè jẹ́ ti ọkàn. Ajá kékeré bíi Lhasa lè ní gògóńgò tí ó rọ̀ tí ó sì ń pa pọ̀ bí ó bá ń fa èémí. Ikun tí ó ń dà ní ihò kan ṣoṣo, pẹ̀lú sísín léraléra tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, sábà máa ń jẹ́ ti koríko tàbí èso igbó tí ó wọ imú. Bákan náà, àwọn ajá kan máa ń dúró ṣanṣan, kí wọ́n sì fa èémí sínú léraléra pẹ̀lú ariwo fún ìdajì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn èyí tí ara wọn á tún dá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀; èyí kì í sábà léwu. Eruku ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín igbó tí a sun náà lè fa ikọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dín kù nígbà tí a bá gbé ajá kúrò níbẹ̀, kò sì yẹ kí ibà bá a rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìpinnu

*Ajá tí a lè tọ́jú nílé* ni ajá àgbà tí ó gba àjẹsára, tí ó ń jẹun, tí ó ń mu omi, tí ara rẹ̀ kò gbóná ju 39.2 lọ, tí èémí rẹ̀ nínú oorun kò ju 30 lọ, tí ikun rẹ̀ sì dà bí omi.

*Ajá tí ó gbọ́dọ̀ rí dókítà láàárín ọjọ́ kan* ni ọmọ ajá èyíkéyìí tí ó ń wúkọ́, ajá tí ó lóyún, arúgbó ajá, ajá tí kò jẹun fún wákàtí 24, èyí tí ikun rẹ̀ ti ki tàbí tí ó ní ẹ̀jẹ̀, èyí tí ibà rẹ̀ ti kọjá 39.5, àti èyí tí ikọ́ rẹ̀ kò dín kù lẹ́yìn ọjọ́ méje.

*Ajá tí a gbọ́dọ̀ gbé sáré ní wákàtí náà gan-an* ni èyí tí èrìgì rẹ̀ ti di aró, eérú tàbí funfun báláú. Èyí tí ó na ọrùn tí ó sì ya ìgúnpá kí ó tó lè mí. Èyí tí èémí rẹ̀ kọjá 40 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó simi ní ibi tútù. Èyí tí ó dákú. Èyí tí ó wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí gìrì mú. Àti èyí tí ìgbóná ara rẹ̀ kọjá 40. Àmì kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró de èkejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìtọ́jú nílé

1. Kí a yà á sọ́tọ̀. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn kò fẹ́ lu ajá ní tààrà ni ó dára jù, kí ó sì jìnnà sí èéfín ìdáná, jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn àti sìgá. Ajá tí ara rẹ̀ dá ni kí a kọ́kọ́ bọ́, kí aláìsàn kẹ́yìn, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.
2. Kí a fún un ní ìsinmi. Kò sí ọdẹ igbó, kò sí sísáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Kí ó jáde láti tọ̀ kí ó sì padà, pẹ̀lú okùn àyà tí kò fún ọ̀fun.
3. Kí omi wà nítòsí rẹ̀. Ajá nílò nǹkan bíi mìlílítà 50 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, tí ó túmọ̀ sí pé ajá oníkílò 20 yóò mu tó lítà kan, tí a bá ka omi inú oúnjẹ mọ́ ọn.
4. Kí oúnjẹ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó sì rọ̀. Imú ni ajá fi ń mọ adùn oúnjẹ, nígbà tí imú bá sì dí, oúnjẹ tútù kò ní òórùn tí yóò fà á mọ́ra. Ìrẹsì rírọ̀ tàbí ẹ̀kọ tí a fi omi ẹja pò dára, ṣùgbọ́n kí a má fi iyọ̀, ata, àlùbọ́sà tàbí ááyù sí i, nítorí pé àlùbọ́sà àti ááyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.
5. Kí a fi òwú tí a rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu imú àti ojú rẹ̀, kí a lo òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí a sì jù wọ́n nù.
6. Bí imú bá dí, kí a bu omi gbígbóná sí garawa nínú balùwẹ̀, kí a ti ilẹ̀kùn, kí alájá sì jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ajá fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí garawa náà wà níbi tí ajá kò lè dé. Kí a má ṣe fi aṣọ bò ó mọ́ orí omi bí a ti ń ṣe fún ènìyàn. Ajá tí ó ń jà fún èémí àti ajá tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ kò yẹ fún ìtọ́jú yìí, nítorí pé ooru lè dá kún wàhálà wọn.
7. Ìdajì ṣíbí tíì oyin lè tu ọ̀fun ajá àgbà lára, ṣùgbọ́n kí a má fún ọmọ ajá tàbí ajá tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lílọ sọ́dọ̀ dókítà àti lílo oògùn

Kí a pe dókítà kí a tó gbéra, kí a sì sọ fún un pé ajá tí ó ń wúkọ́ ni a ń gbé bọ̀, kí ó má baà kó o ran àwọn ajá tí ó wà ní ìjókòó. Inú ọkọ̀ ni kí ajá náà dúró títí a ó fi pè é. Kí a ṣí fèrèsé ọkọ̀, kí a má ṣe jù ú sí bútù, kí a má sì di ajá tí kò lè mí dáadáa lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn àdáni àti ti ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko.

Bí dókítà bá fúnni ní oògùn apakòkòrò, kí a lò ó tán bí ó ti wí, kódà bí ikọ́ bá ti dákẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Oògùn oníhóró ni a lè fi sínú ẹja. Olómi ni kí a fi sírínjì fún ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí orí ajá wà bí ó ti máa ń wà, kí a má fà á sókè, kí a sì dúró kí ó gbé e mì kí a tó fi òmíràn kún un.

Ìkìlọ̀: ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fún ajá

Oògùn ènìyàn kì í ṣe oògùn ajá. Ibuprofen àti diclofenac lè lu inú ajá, kí wọ́n sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn oògùn ikọ́ olómi kan ní xylitol, ohun adùn kan tí ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ lójijì, oògùn ọ̀fìnkìn tí ó ní pseudoephedrine sì lè dá ọkàn rẹ̀ láàmú. Kápúsù tẹtirasáíkílìnì tí ó ṣẹ́kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò wúlò bí fáírọ́ọ̀sì bá ni ó fa àìsàn náà, ó sì lè ba àwọ̀ eyín ọmọ ajá jẹ́. Rọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ kan imú ajá, nítorí pé yóò ta imú náà, ajá yóò sì lá a.

Epo pupa ni ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń sá bá. Bí a bá gbé orí ajá sókè tí a sì rọ epo sí i lọ́fun, epo náà kì í ta á bí omi ti í ta á. Ó máa ń yọ́ wọlé jẹ́jẹ́, apá kan rẹ̀ á gba gògóńgò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ajá wú u jáde, kò sì sí bí a ti lè fà á padà. Ajá tí ó wúkọ́ lásán ní àná lè ní òtútù àyà ní ọ̀la nítorí ìtọ́jú yìí nìkan. Bákan náà ni àgbo, ògógóró àti kẹrosíìnì.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

- Gbígbàgbọ́ pé imú gbígbẹ ni àmì àìsàn. Imú ajá lè gbẹ lẹ́yìn oorun tàbí nínú ọyẹ́. Tẹmómítà ni kí a gbà gbọ́.
- Kíka ikọ́ sí eegun tí ó há, kí a sì máa fi ìka wá a nínú ọ̀fun.
- Dídi ajá aláìsàn mọ́ ṣéènì nítòsí àwọn yòókù, kí a sì máa pè é ní ìyàsọ́tọ̀.
- Jíjẹ́ kí ó padà sí àwùjọ ajá ní ọjọ́ tí ikọ́ dá. Ó ṣì lè kó o ran ẹlòmíràn, nítorí náà kí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i ní ipò rẹ̀.
- Fífún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ibà wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé abẹ́rẹ́ náà yóò wo àìsàn náà sàn. Àjẹsára máa ń dènà. Kì í wò sàn.

Dídènà

Àjẹsára alápapọ̀ tí wọ́n ń kọ DHLPP sí lára ní Nàìjíríà ní ìdáàbòbò lọ́wọ́ distemper, èyí tí D dúró fún, àti lọ́wọ́ parainfluenza, tí ọ̀kan nínú P méjèèjì dúró fún. Ní Benin àti Togo, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, orúkọ Henri Carré, onímọ̀ ìṣègùn ẹranko ará Faransé tí ó fi hàn ní 1905 pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa distemper, ni wọ́n fi ń pe àrùn náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ajá láti Kútọnu tí ó sì rí CHPPiL lórí káàdì rẹ̀ kí ó mọ̀ pé C yẹn ni D ti Nàìjíríà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán, kí a tún fún un ní òmíràn láàárín ọdún kan. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yàtọ̀, nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni a sì sábà ń fún un. Àjẹsára Bordetella wà fún ajá tí ó ń lọ sí ibi tí ajá ti ń pé jọ. Àwọn alájá tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní láti bi dókítà wọn nípa àjẹsára ìnfúlẹ́ńsà ajá pẹ̀lú, nítorí pé irú rẹ̀ kan tí ó wá láti ara ẹṣin bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ajá eré ìje ní Florida ní 2004, òmíràn tí ó wá láti Éṣíà sì tàn ká ní Chicago ní 2015.

Ajá tuntun èyíkéyìí gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 14 ní ọ̀tọ̀ kí ó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nílé. Ibi tí aláìsàn gbé ni kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ̀, nítorí pé búlíìṣì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdọ̀tí; lẹ́yìn náà kí a po búlíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n 30, kí ó wà lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a ṣàn án, kí ó sì gbẹ kí ajá kankan tó wọ ibẹ̀. Kí a má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ilé mìíràn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí yóò jáde lè pa ẹ̀dọ̀fóró ajá àti ti ènìyàn lára.

Nínú gbogbo ohun tí orí yìí là sílẹ̀, èyí tí kò ná alájá ní kọ́bọ̀ ni ó ṣe é ṣe ní alẹ́ yìí: kí ó jókòó ti ajá tí ara rẹ̀ dá, kí ó ka èémí rẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó sì kọ iye náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ikọ́ bá dé, iye yẹn ni yóò fi mọ̀ bóyá kí ó gbé omi gbígbóná lọ sí balùwẹ̀, tàbí kí ó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.